Ariwo Abẹ́ Jíìpù Àṣírù

Tí a bá ń wá ẹni tó mọ ìsàlẹ̀ jíìpù bí ẹní mowó ní gbogbo Industrial Area ní Sharjah, Tòhíbù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ẹ tó bi í. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tú iwájú ọkọ̀ aṣálẹ̀, tó ń tò ó padà. Iṣẹ́ dára lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, inú ti ń bí i kó tó débi iṣẹ́. Visa rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, Ustad Zaman, ará Pakistan tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kò sì tíì fọwọ́ sí òmíràn. Ìgbà náà gan-an ni Àṣírù tún wa jíìpù funfun rẹ̀ dé.

Àṣírù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló máa ń gbé àwọn àlejò láti Dubai Marina lọ gun òkìtì iyanrìn. Òun àti Tòhíbù ti jọ gbé bedspace rí, àwọn mẹ́fà nínú yàrá kan, títí Àṣírù fi sọ lójú gbogbo ilé pé òórùn ọ̀rá ọkọ̀ tó wà lára aṣọ Tòhíbù kò jẹ́ kí èèyàn sùn. Wọ́n ní kí Tòhíbù kó ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Tòhíbù pààrọ̀ apá irin tó di táyà ọ̀tún iwájú jíìpù náà mú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti ń dún kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì tàbí yí sítíárìn. Àṣírù gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé. Tòhíbù fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ sókè, ó mi táyà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i, pé awakọ̀ ló ń wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà lórí iyanrìn. Ṣé ó dá a lójú? Rárá o. Ó kàn dùn mọ́ ọn láti kọ ọ́ ni.

Ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ Àṣírù rí tí wọ́n fi ní kó máa palẹ̀ mọ́. Tí kò bá mú ìwé mìíràn tó dá a láre wá kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á fagi lé visa rẹ̀.

“Orí ilẹ̀ ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe lókè,” Àṣírù sọ, kò tilẹ̀ kí i. “Táyà tó rọ̀ dirodiro, kí ló fẹ́ dún?”

“Ìwọ driver lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Lọ máa kó òyìnbó kiri jàre!”

“Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ Kàfáyàt ìyàwó mi nílé. Tí wọ́n bá dá mi padà nítorí irọ́ tó o kọ, Tòhíbù, Ọlọ́run ò ní fi ẹ́ sílẹ̀.”

“Khalas!” Ustad Zaman pariwo mọ́ wọn pé ó tó. “Go down, check again. If mistake is from my garage, I no sign visa for that man. Yalla!”

Tòhíbù wọ inú kòtò tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń ṣépè lábẹ́nú. Àṣírù jókòó sókè, ó ń yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Tòhíbù wá ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọwọ́ mẹkáníìkì máa ń gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́. Ó kan nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn apá irin náà. Kọ́ọ̀! Ó ta pọ́ún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí ìlà ọ̀dà yẹ́lò lórí rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì le tán ló máa ń fi ọ̀dà fa ìlà lé e, kálukú ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Tòhíbù ló ni yẹ́lò. Ó wá rántí. Wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ lásán ló sì ṣì fi yí nọ́ọ̀tì ọ̀hún wọlé. Tó bá fi í sílẹ̀ láìfàlà, Mùsílíù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á fún un le, á fi àwọ̀ tirẹ̀ sí i, iṣẹ́ á di ti Mùsílíù. Ló bá kọ́kọ́ fa ìlà, ó sáré lọ ṣe àlùwàlá, ó ní tóun bá dé òun á fún un le. Nígbà tó dé, ìlà yẹ́lò ló rí, ó sì gbà pé òun ti fún un le.

Sípánà wà lápò rẹ̀. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo á tán, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ti yọ ọ́, ó ti fi kọ́ nọ́ọ̀tì náà.

“Kí lo rí?” Àṣírù béèrè látòkè. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nínú gbogbo ìjà wọn, Tòhíbù kò gbọ́ kí ohùn yẹn gbọ̀n rí, ó sì bí i nínú gidigidi pé òun gbọ́ ọ.

“Ẹ wá wò ó,” ó dáhùn. “Èmi ni. Àwọ̀ mi ló wà níbẹ̀.”

Ustad Zaman wọ kòtò, ó fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì náà, ó yí. Ó lọ mú ìwé wá, Tòhíbù sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹkáníìkì ló jẹ̀bi, ó fọwọ́ sí i. Ó padà fún nọ́ọ̀tì náà le.

Àṣírù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sápò. Tòhíbù ń retí ọ̀rọ̀ kan, ó kéré tán.

“Ọlọ́run ló mú ẹ,” Àṣírù wí, ó sì wa jíìpù lọ. Kò dún mọ́.

Tòhíbù ń nu ọwọ́. Ó ṣì kórìíra ọkùnrin náà, ìyẹn ò dín kù rárá. Ustad Zaman na ọwọ́ sí jíìpù mìíràn tó ń dúró, ó ní kó tètè bọ́ sídìí rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣì kù tí yóò fi ṣiṣẹ́ fún òun.