Apá tí Nọ́ọ̀sì Nà Síwájú Ìjọ

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé ẹmu wá fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọdé á rí i títí, á sì mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ mu ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún ohun tó wà nínú igbá.

Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa mọ àṣà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìlú mìíràn ni. Lọ́dún tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà kọ́kọ́ dé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà á, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mo máa ń ka ìkéde. Kánsù ní Ìlọ́fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé-ìwé, àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì a sì máa pè mí ní bùrọ̀dá. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, bóyá nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń gba èyí tí mo bá sọ.

Mo ka ìkéde abẹ́rẹ́ náà tán. Bàbá kan ní ẹ̀yìn wá ní, "Kí àwọn tó gbé e wá kọ́kọ́ gbà á ná." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ẹlẹ́mu ló ń kọ́kọ́ mu."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àga kan níwájú wa, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wá sì gún un. Ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi, ó ń tiro. Lẹ́yìn náà ni ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà.

Egbò ẹsẹ̀ ló ń mú ìyàwó mi tiro. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò náà kò sì jinná bọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ló ń wá bá a wẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an. "Mọ́mì mi" ló ń pè é. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ọwọ́ rẹ le bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ṣé bí o ṣe ń fọwọ́ kan ọkọ rẹ náà nìyẹn?"

"Mọ́mì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá jàre, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀."

Ilé mi kò dákẹ́ nígbà náà.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó dé ní ọjọ́ kan, ó ń wúkọ́. Mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, lọ sinmi. N ó bá a wẹ egbò náà lónìí."

"Ikọ́ ọyẹ́ ni, bàbá. Ṣebí ìṣojú yín ni mo ti gba abẹ́rẹ́. Kí lẹ tún ń bẹ̀rù?"

Mo yà fún un, ó wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, wọ́n ní kòrónà ni. Òkú rẹ̀ ni a gbé padà. Níbi ìsìnkú, nọ́ọ̀sì sunkún ju àwọn àbúrò ìyàwó mi lọ, èmi ni mo sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kò sí ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe. Mo gbà á gbọ́.

Ní ọdún yìí, mo lọ sí ilé ìwòsàn náà kí wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Nọ́ọ̀sì wé rọ́bà mọ́ mi lápá. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ dúró tì wá, ó ń ráhùn. Abẹ́rẹ́ kòrónà tún ti dé. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa gbà á lọ́dọọdún, kí wọ́n sì ṣíwájú àwọn ará ìlú.

"Èmi ò gbà á o, Àǹtí. Ọdọọdún kẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì àgbà kò gbójú kúrò lápá mi. "Ta ló ní kí o gbà á? Omi lásán tí a fi ń po oògùn ni kí o fà sínú abẹ́rẹ́ náà. Òun náà ni wọ́n gún fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́sí."

Nọ́ọ̀sì kékeré wò mí. "Àǹtí, bàbá ń gbọ́ o."

"Bàbá tiwa? Bàbá kì í ṣe àlejò. O ò tíì mọ̀ wọ́n ni, wọn kì í sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó tú rọ́bà náà. "Ẹ̀jẹ̀ yín ga díẹ̀ lónìí. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kò so ọ̀rọ̀ tó sọ pọ̀ mọ́ ilé mi rárá. Èyí dùn mí ju omi náà lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó mú ìkéde abẹ́rẹ́ tuntun náà wá fún mi nílé. Mo ní kó jókòó.

"Ọjọ́ tí o wúkọ́ wá síbí, mo dá ọ dúró."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yé e. 

"Bàbá, mo ń wá ọmọ nígbà náà. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù bà mí."

"Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ńkọ́? Ìwọ lo gún wọn."

 Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ikọ́ mi ló pa Mọ́mì."

"Èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀."

N kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ pàápàá ṣì lè kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun kò gbà á, ǹ bá gba abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ omi í gbé kaná. Mo mọ egbò ó wẹ̀. Èmi ló yẹ kí n pinnu ẹni tí yóò jókòó ti ìyàwó mi, ó sì fi irọ́ gba ìpinnu náà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí yóò máa fọwọ́ kan aláìsàn, kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó sọ, kí á lè mọ ohun tí a ó ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ka ìkéde náà. Mo sọ pé èmi yóò gba tèmi. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ gbà á níwájú ìjọ. Mo fò ó.

Ó bá mi ní yàrá tí a ti ń wọ aṣọ ìsìn.

"Bàbá, ẹ fo ibì kan."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ gbà á ní tòótọ́ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

"Mo ti wò ó rí."

Mo bọ́ aṣọ ìsìn, mo lọ tò síwájú tábìlì wọn. Nọ́ọ̀sì kékeré ló wà níbẹ̀. Mo ní kó fi ìgò abẹ́rẹ́ náà hàn mí kó tó fà á. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo kà á. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo dá ìgò náà padà fún nọ́ọ̀sì kékeré, mo ká apá aṣọ mi sókè. Nígbà tó kàn án, ó ní kí wọ́n fi han òun náà, ẹni tó tẹ̀ lé e náà sì sọ bẹ́ẹ̀.