Oyè Kọ́módọ̀ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ẹ bá mi kí ẹni tó kọ́kọ́ ń jẹ́ oyè tí wọn kò fi í jẹ. Akọni ni. Ó gbà wá lọ́wọ́ ìyà kí wọ́n máa pè wá lórúkọ lásán, ó sì sọ ṣọ́ọ̀ṣì àwa ọmọ Yorùbá nítòsí Bowie ní Amẹ́ríkà di ibi tí o kò ti lè sín láìjẹ́ pé olóyè, ẹnjiníà tàbí ọ̀gágun ló máa kí ọ ní "pẹ̀lẹ́".

Bàbá àgbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́módọ̀, bí ẹni tó ti darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun lórí òkun rí. Èmi ni mo bá a kọ ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni lẹ́nu iṣẹ́ ológun ojú omi nílé lọ́hùn-ún. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń kà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn aládùúgbò wa ọmọ Amẹ́ríkà ní ká wá sọ ìtàn ọ̀gá ológun ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n sin sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìtàn ni mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí n kà á níṣojú Kọ́módọ̀? Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìwé lé bàbá lọ́wọ́.

Ó ń kà á, ohùn rẹ̀ ń dún. Ọmọdé ni ọ̀gá yìí nígbà tó wọ ọkọ̀ ogun. Ó ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tá ní etíkun Àríwá Áfíríkà. Ó padà wá, ó di kápítẹ́nì.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Mo rántí ohun tí mo kọ sójú ewé kejì: "Kápítẹ́nì ló jẹ́ títí ó fi kú. Kọ́módọ̀ tí wọ́n ń pè é, àpọ́nlé lásán ni. Kò sí nínú ìwé ìjọba." Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá á gbà pé èmi tí mo mọ àṣírí òun ni mo fẹ́ tú u síta, níṣojú ìyàwó òun, níṣojú arúgbó Amẹ́ríkà kan tó lo ayé rẹ̀ lórí òkun lóòótọ́, tó sì jókòó síwájú pátápátá. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé iná ń jó.

Bàbá ṣí ewé. Ó kà á sókè, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Arúgbó náà bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Kọ́módọ̀, ọkọ̀ wo lẹ̀yin darí?"

Bàbá ní, "Mi ò darí ọkọ̀ kankan rí. Sítọ́ọ̀ ni mo wà. Àpọ́nlé ni tèmi náà."

Ìyàwó rẹ̀ ké lédè Yorùbá pé, "Ẹ̀hẹ́n! Èmi ìyàwó Kọ́módọ̀ wá ńkọ́? Kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Bùláńkẹ́ẹ̀tì?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi: "Dókítà tó kọ ọ́ rèé. Dìde, kí wọ́n rí ẹ."

Mo dìde, mo tẹrí ba. Mi ò parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Ọdún kẹta ni mo fi í sílẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.