Ààwẹ̀ Tí Ìyá Mi Gbé Wọ Bàálù

Ìyá mi ò tíì wọ bàálù rí kí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, tó bímọ, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun wẹ ọmọ. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi wà nígbà náà, ní ilé tí a háyà nítòsí Airport Road ní Benin. Àárín ààwẹ̀ Ramadan ni ìrìn àjò náà bọ́ sí.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Màámi jà. Dókítà gbà kó máa gbààwẹ̀ bó bá ti ń tètè ṣínu, àmọ́ ó ní kó má ṣe gbà á lọ́jọ́ tó bá wà lójú ọ̀nà. Màámi mi orí. Mo rò pé ó gbà ni.

Ó kúrò ní Benin lọ́sàn-án, bàálù sì gbé e láti Èkó lálẹ́ lọ sí Amsterdam, níbi tí yóò ti wọ òmíràn. Ọkàn mi balẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi tó jẹ́wọ́ fún mi pé Màámi sọ fún òun pé ààwẹ̀ kankan ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé kí òun má jẹ́ kí n gbọ́.

Ní báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo wo kọ̀ǹpútà. Amsterdam sí Calgary tún jìnnà ju Èkó sí Amsterdam lọ. Síbẹ̀ mo ní ilẹ̀ á ṣáà ṣú, Màámi á sì ṣínu. Nígbà tí mo rò pé àbúrò mi á ti jí, mo pè é.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ ò ní ṣú bá wọn lọ́nà o. Bàálù yẹn ń tẹ̀ lé oòrùn lọ ni. Tí wọ́n bá balẹ̀, ọ̀sán ló ṣì máa jẹ́ níbí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá kí oòrùn wa tó wọ̀."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ọ̀sán àti òru láìmu omi. Àbúrò mi pe iléeṣẹ́ bàálù. Wọ́n ní bàálù ti gbéra.

Nígbà tí a ṣínu nírọ̀lẹ́, omi nìkan ni mo mu. Ọmọ mi obìnrin ní, "Daddy, so Grandma never chop since?"

A ń jẹ sààrì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ohùn Màámi ni.

"Mo ti jẹun o," ló kọ́kọ́ sọ.

Ó ní nínú bàálù, ara òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bo òun. Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ gbé omi ọsàn wá lẹ́ẹ̀mejì, òun kọ̀ ọ́. Òun wo fèrèsé, oòrùn dúró sójú kan.

"Ni mo bá wo aago ọwọ́ mi, tí mi ò tíì yí kúrò ní ti ilé. Mo ní àwọn ọmọ mi ti ń ṣínu ní Benin báyìí. Mo sì mu omi."

Àbúrò mi gba fóònù, ó ní ṣúgà Màámi ti lọ sílẹ̀ jọjọ nígbà tí òun wọ̀n ọ́n, àmọ́ ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò lè bá Màámi wí.

Kò dá Màámi lójú pé ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn pé, ó sì san án padà. Ó dúró di ìgbà òtútù, tí oòrùn Calgary ń tètè wọ̀.