Baba Rọra Nínú Ọkọ̀ Àna Rẹ̀

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni Baba Rọra jẹ àbúrò ìyàwó rẹ̀, oṣù méje sì ni gbèsè náà ti wà nílẹ̀. Jíà ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ nígbà náà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ yìí, tí gbogbo ìdíkọ̀ ń pè ní Irin, ló ka owó sí i lọ́wọ́ pé kó fi ra òmíràn. Kò gba èlé, kò gba ìwé. Ohun tó sọ kò ju pé kí ẹ̀gbọ́n má jẹ́ kí òun bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti wá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ó dúró sáàárín àwọn awakọ̀ yòókù, ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú tí owó òun kò tíì pé, òun yóò wa ọkọ̀ Baba Rọra lọ sílé, òun yóò sì tà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Irin kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu gbọ́n ọ̀rọ̀ dànù.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Baba Rọra. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ mẹ́ta ló sì ti tọ́ jáde nídìí iṣẹ́ náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn. Bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ ni kì í tètè mú, àfi kó máa rọra. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni bíréèkì tuntun. Láti èṣí ló ti ń ṣèlérí rẹ̀ fún ọkọ̀ náà bí ẹni ń ṣèlérí aṣọ fún ìyàwó.

Àṣà méjì ló wà ní ìdíkọ̀ yẹn tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé e. Ọkọ̀ gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà, aláwọ̀ eérú, kọ́kọ́rọ́ kì í sì í kúrò lára wọn. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti gbé èrò lọ, ẹni tójú rẹ̀ bá là ni yóò bá àwọn tó ń sùn sún tiwọn síwájú. Èkejì ni pé ẹni tó bá ń lọ sí erékùṣù kì í sanwó ní pápákọ̀. Ogún ẹgbẹ̀rún ni gbogbo rẹ̀, owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èrò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi kó tó ki ọwọ́ bọ àpò. Nígbà kan rí, àwọn awakọ̀ kan máa ń gbowó tán, wọn a sì já èrò sẹ́bàá ọ̀nà. Látìgbà náà ni èrò ti gbọ́n. Bí ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́rin, tó jẹ́ àṣekẹ́yìn, bá lọ láìgbé èrò, awakọ̀ ti fi epo rẹ̀ ta afẹ́fẹ́ lọ́rẹ.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin kan jáde, ó ní erékùṣù lòun ń lọ. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amóúnjẹ-tutù ṣe ni. Yàrá òtútù àwọn apẹja ló bàjẹ́ lọ́hùn-ún, bí òun kò bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja wọn yóò di ajílẹ̀. Baba Rọra ló kàn. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ká yọ ẹgbẹ̀rún méjì ọkọ̀ ojú omi kúrò nínú ogún, ó ku méjìdínlógún géérégé. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ gbọ́ àdúrà onígbèsè, bó ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ó wọlé lọ gbé àpótí irinṣẹ́ obìnrin náà, èyí tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tó wà nínú ilé, ọkọ̀ agbépo kan fẹ́ kọjá. Awakọ̀ kan wa ọkọ̀ Baba Rọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àyè lè wà, ó sì sún èyí tó tẹ̀ lé e síwájú. Ti Irin nìyẹn. Irin fúnra rẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, fìlà bo ojú. Baba Rọra jáde pẹ̀lú àpótí lórí èjìká, ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Ó rí ọkọ̀ eérú níwájú, òun ló kàn, ọkọ̀ òun nìyẹn. Ó ju àpótí sẹ́yìn ọkọ̀, obìnrin náà wọlé, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó gbéra.

Ní ìkóríta àkọ́kọ́, alùpùpù kan já wọ iwájú rẹ̀. Baba Rọra fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń tẹ tirẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró gbagidi, iwájú orí obìnrin náà sì lọ gbá ẹ̀yìn àga. Bíréèkì tó mú. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ òun kọ́ nìyí.

Bó bá padà, ogún ìṣẹ́jú ti lọ, ọkọ̀ ojú omi ti lọ, méjìdínlógún ti lọ, ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀ ti bá wọn lọ. Ó fa fóònù yọ, ó pe Irin pé kó má bínú. Fóònù Irin dún nínú ihò tó wà níwájú eékún rẹ̀. Obìnrin náà bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ ló ń pè. Ó lè pe alága ìdíkọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni owó ìtanràn ẹni tó bá wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Baba Rọra fi fóònù sápò. Nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn ni gbogbo ohun tó kù ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà pé Irin jí, kò rí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní Baba Rọra ló wà á lọ. Ó ní, àṣé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé tòun kí òun tó gbẹ́sẹ̀ lé tirẹ̀. Ó kó sínú ọkọ̀ Baba Rọra, ó tẹ̀ lé e.

Lójú ọ̀nà etí omi, Baba Rọra wo dígí, ó rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ bí ìjì, iná ojú kan ṣoṣo ló ń tàn lára rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí iná ojú òsì ọkọ̀ yẹn ti kú. Ọkọ̀ òun ló ń lé òun bọ̀. Irin fẹ́ dúró létí rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kò mọ bíréèkì yẹn bí olówó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó gbá wọn lẹ́yìn, gíláàsì fọ́ sára obìnrin náà. Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀bi bíréèkì ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Irin ló ni wọ́n. Àgbákò ọkùnrin méjì: ẹnì kan ń fi ọkọ̀ onígbèsè fọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ẹnì kejì ń fi ọkọ̀ olówó sá fún ọkọ̀ ara rẹ̀.

Obìnrin náà gbọn gíláàsì kúrò ní irun. Ẹ̀jẹ̀ ń sun ní etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Baba, ẹ máa wà á lọ. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fi mí sílẹ̀, mi ò ní san nǹkan kan."

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù kí aago mẹ́rin lù nígbà tí wọ́n dé èbúté. Baba Rọra gbé àpótí sílẹ̀, kò tíì nà tán tí Irin fi dé pẹ̀lú sípánà táyà.

"Ẹ yíjú sí mi, ẹ̀gbọ́n," Irin wí. "Ẹ yíjú sí mi kí n pa yín."

Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Baba Rọra ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Irin kò bá a sọ̀rọ̀ láì fi ọ̀wọ̀ sí i rí. Kò sì fi ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi sípánà gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Baba Rọra, egungun dún bí igi gbígbẹ. Baba Rọra fi ọwọ́ òsì fa irin jáàkì yọ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì là á mọ́ Irin níwájú orí, awọ ya, ẹ̀jẹ̀ bo ojú kan. Irin fi orí kàn án lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣubú papọ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí kọnkéré títí wọ́n fi dé etí omi. Irin fi eékún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń gbá a ní ẹ̀ṣẹ́, ó sì ń ṣàlàyé.

"Ẹ jẹ mí lówó, ẹ tún jí ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ ta lo wà wá síbí?" Baba Rọra bi í láàárín ẹ̀jẹ̀ ẹnu. "Ta lolè nínú àwa méjèèjì?"

Irin dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló tún gbá a.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnì kan fẹ́ là wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tú okùn ọkọ̀ ojú omi ní kó fi wọ́n sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pa ara wọn yẹn, ẹbí ni wọ́n. Òun ló bá obìnrin náà gbé àpótí wọlé. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú ọkọ̀, ó sì pe Baba Rọra kó wá gba owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló là wọ́n. Irin di ọrùn ẹ̀wù Baba Rọra mú, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì jọ ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sétí ọkọ̀. Obìnrin náà ka ogún ẹgbẹ̀rún, owó ẹlẹ́gbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, sí ọwọ́ òsì Baba Rọra. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì na ọwọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó yọ méjì. Wọ́n tú okùn. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn; ẹja ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún Baba Rọra ti wú bí iṣu. Kò ní lè yí jíà fún oṣù méjì, ó kéré tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni owó ẹni tí yóò to egungun náà. Eyín kò ṣeé rà padà. Iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti rún, omi ń jò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó mọ iye gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ó tẹ́ owó náà sórí ọkọ̀ Irin, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé méjìdínlógún, ó sì tì í síwájú.

Irin nu ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀.

"Ẹ bá mi pààrọ̀ èyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti bà á jẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ni."

"Ọwọ́ yín ni mo ti gbà á."

Baba Rọra gba owó náà, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé náà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì fún un ní ẹgbẹ̀rún kan tó mọ́. Ó gbé e padà wá. Irin fi kún ìyókù, ó ká gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tì í bọ àpò àyà.

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ẹ ṣeun."