Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fò Nínú Ẹbí “Bread”

Òórùn òróró àgbọn ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá ń rántí ọdún tí màmá wa wá bá wa gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré ni, tí ó máa ń dì bí ọ̀rá bí òtútù bá mú. Lẹ́yìn òórùn yẹn ni gbogbo ìyókù ń tẹ̀lé e wá: ẹní tí a tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun, àti gíláàsì ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí fíríìjì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọwọ́ kàn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ó kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, ọmọ Èkìtì, obìnrin tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tó ń lọ sí ọmọ ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń jáde. Èmi ń gbé inú yàrá ẹ̀yìn, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdímù. N kò rí ẹni tó sunkún púpọ̀. Bí ẹnu ṣe máa ń rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oníṣègùn eyín, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí: o mọ̀ pé ètè rẹ wà níbẹ̀, o lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí o bá gé e jẹ, o kò ní í mọ̀ àfi bí o bá rí ẹ̀jẹ̀. À ń jẹun, à ń fọṣọ, à ń sọ fún àwọn tó wá kí wa pé a dúpẹ́, Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ilé aládùúgbò. Àwọn àgbà ìdílé jókòó, wọ́n fẹnu kò pé a kì í túfọ̀ fún ọmọdé. Kí a sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwa náà nìyẹn nígbà tí bàbá wa dákẹ́, mo sì ń retí bàbá mi títí mo fi gbọ́n tó láti má béèrè mọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ yìí kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì nílé, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, kí ahọ́n ọmọ má baà lọ́. Nítorí náà, èmi tí gbogbo ilé mọ̀ sí onígẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé mọ́mì rẹ rìnrìn àjò. Ó wò mí, ó gbé ojú sókè wo orí fíríìjì, ó ní, “Okay.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá bi í, á mi orí. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á bù ú tọ́wò, á sì tì í sẹ́yìn.

Màmá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kan àti garawa ẹlùbọ́. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ náà, wọ́n ní, “Ìyá mi, ọlọ́lá mi, wá.” Ọmọ náà dúró, ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn tí kò lóhùn. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá àgbà ní apá kan pálọ̀, ọmọ ọmọ ní apá kejì, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn bí àlejò. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Màmá ká ẹní ìkírun wọn, wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Ọmọ ọmọ mi ni, mo sì ń wò ó bí èrò ọkọ̀,” ni wọ́n wí. “Ọkàn ọmọ yìí ti ń sú lọ. Kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ yìí, kí n lè pè é kó wá sọ́dọ̀ mi. N kò fẹ́ ju ìyẹn lọ.”

Lójú ara mi, ẹni tó yẹ kí wọ́n wá bá gan-an ni èmi. Mo níláti ṣàlàyé pé nígbà náà, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láyé ju ohunkóhun lọ ni ráìmù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìparí wọn dún bákan náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Inú ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí mo rà lọ́wọ́ oníwèé ilẹ̀, ni mo ti wá a jáde fúnra mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń sọ wọ́n di ẹbí: “bread” tó jẹ́ búrẹ́dì àti “bead” tó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jọra lójú ìwé bí ìbejì, wọn kò sì bára wọn tan létí, ṣùgbọ́n “bread” àti “said”, tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan wí nǹkan, kò jọra níbì kankan, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Mo mọ̀ pé láti ibi tí ohùn ti tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kí ohun tó ṣáájú sì yàtọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta májèlé eku ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Mo kọ ráìmù kan fún un, ó gbà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀, pé eku tó bá gun “mat”, ìyẹn ẹní, á nà gbalaja “flat”, ẹ ò ní í nílò “cat”, ìyẹn ológbò. Láti ibùdókọ̀ Pleasure títí dé Ṣáṣá ló ń gbé e kiri. Bí ó bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi a na ọrùn bí akéwì tí wọ́n ń kì.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi béèrè fún Gẹ̀ẹ́sì, ráìmù ni mo fún wọn. Mo ní ẹbí-ẹbí ni a ó ti máa kó o, pé bí ọ̀kan bá dé, á fa èkejì lọ́wọ́, bí “box” ṣe ń fa “fox”. Màmá kò lọ ilé ìwé Òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó nílé kéú nígbà èwe wọn, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà kọ́ kéú náà ni wọ́n gbà kọ́ tèmi: wọ́n ń mi ara síwá sẹ́yìn, wọ́n ń fi ohùn fà á, wọ́n sì ń tún un pè títí yóò fi wọ ara. “Bọ́ọ̀sì, fọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì, àpótí. Fọ́ọ̀sì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.” Nídìí aṣọ fífọ̀, nídìí iná, ohùn kéú ni. Ìyá tó ń ta yìnyín lójúlé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Òyìnbó.

“Ìyá Òyìnbó, ẹ kú Gẹ̀ẹ́sì o! Ṣé físà ti dé ni?”

“Ó ti dé, jàre,” ni Màmá dá a lóhùn, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ọkọ̀ òfúrufú ni kò tíì rí ibi balẹ̀ sí ní Ẹ̀gbẹ́dá.”

Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi wí nígbà tó yá. “Ìwọ ọmọkùnrin yìí, mo ti mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lédè Òyìnbó, n kò tíì mọ ‘wá jẹun’. Ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni n ó gbé fún ọmọ jẹ ni?” Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ìpìlẹ̀ là ń mọ. Mo rántí bí mo ṣe dúró, pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọ̀gá ilé ìwé. Ìyá ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń sú lọ, èmi ń kọ́ wọn ní orúkọ ẹranko tí kò sí ní gbogbo Àlímọ̀ṣọ́.

Síbẹ̀, nǹkan ṣẹlẹ̀. Màmá ń ṣa ìrẹsì lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fa bọ́ọ̀sì àti fọ́ọ̀sì wọn lọ, ni ohùn tínńrín kan bá dún láti ẹ̀yìn àga: “Socks.” Ìbọ̀sẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í. Màmá kò yí ọrùn padà. Wọ́n kàn fi kún un pé, “Sọ́ọ̀sì,” wọ́n sì ń ṣa ìrẹsì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di eré láàárín wọn. Màmá á pe ọ̀kan, ọmọ á fi ọ̀kan lé e, títí ẹnì kan yóò fi tì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wọn, láti ẹ̀yìn àga sí orí àga, láti orí àga sí etí ẹní. Mo ń yangàn kiri, mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ni ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a dé ìdí ẹbí “bread”, mo ṣọ́ra. Èmi ni mo yan ohun tí Màmá kọ́. Mo fún wọn ní “bread”, mo fún wọn ní “bed” tó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì, “head” tó jẹ́ orí, “red” tó jẹ́ pupa, àti “thread” tó jẹ́ òwú, nítorí wọ́n ní irun ọmọ náà ti ń dì, àwọn fẹ́ máa kó o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹbí náà tí mo fò. Mo mọ̀ ọ́n, ó wà lókè “head” nínú ìwé mi, nítorí lẹ́tà D ṣáájú H. Mo fò ó bí ẹni fo omi ẹrẹ̀ lójú títì, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Ọmọ náà jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Màmá lórí ẹní, òróró àgbọn ti yọ́ nínú ike, èmi sì ń tún fáànù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá fi òòyà la irun sí méjì, wọ́n ti kó apá òsì tán.

“Búrẹ́ẹ̀dì,” ni wọ́n wí.

“Bed.”

Wọ́n fi ẹ̀yìn òòyà kan àtàrí rẹ̀. “Ẹ́ẹ̀dì.”

“Thread,” ni ọmọ náà wí, ó sì na òwú sí wọn.

“Rẹ́ẹ̀dì.”

Eré náà kan ọmọ náà. Ó wá ní, “Dead.”

Ọwọ́ Màmá dúró. “Ìyẹn ò sí nínú tèmi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí mi. “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Èmi tí mo mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, mo tẹjú mọ́ fáànù tí mo ń tún ṣe. Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n sọ fún Grandma. Ó ní mọ́mì òun kò rìnrìn àjò. Ó ní bí mọ́mì bá ń lọ ibikíbi, wọ́n máa ń mú gíláàsì wọn, nítorí wọn kì í rí ojú ọ̀nà láìsí i, gíláàsì sì wà lórí fíríìjì láti ọjọ́ náà. Kò pariwo. Bí ẹni ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá ló ṣe sọ ọ́.

“Ó ní ìyá òun ti kú,” ni mo wí fún Màmá. Ohùn mi lọ tààrà.

Màmá gbé òòyà sílẹ̀. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.”

“Yes,” ni mo wí.

“Sọ fún un pé àwa la purọ́, pé òun ò ṣì wí.”

Mo sọ ìyẹn náà. Màmá wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara síwá sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó padà sílé kéú: “Búrẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ẹ̀dì. Dẹ́ẹ̀dì.” Ìgbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì ni ọmọ náà ya ẹnu, tó sì dojú bo ìró wọn, tó sunkún, ẹkún gidi, irú èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì sun. Màmá ń pa á lẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i létí ní Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́. N kò túmọ̀ rẹ̀. Kò béèrè ìtumọ̀. Ó sùn síbẹ̀, apá òsì orí rẹ̀ ní irun kíkó, apá ọ̀tún rí wúruwùru.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, Màmá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ rẹ ti mọ̀.”

“Ta ló sọ fún un?”

“Òun ló sọ fún wa.”

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú fíríìjì. Wọ́n mú gíláàsì náà, wọ́n fi etí ṣẹ́ẹ̀tì wọn nu eruku rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sí àyè rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà béèrè bóyá òun lè tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún un. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán láàárọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Màmá fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè parí irun.

Ó ti wà nílé ìwé girama báyìí. Yorùbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ní Ìgándò ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó. Màmá ti padà sílé. Bí wọ́n bá pè lórí fóònù, kí wọ́n tó kí ara wọn, Màmá á ní “Búrẹ́ẹ̀dì,” ọmọ á dáhùn, wọ́n á sì pe gbogbo ẹbí náà tẹ̀léra, wọn kì í fo ìkankan.

Èmi ṣì ń kó ráìmù jọ. Ẹkún tèmi kò tíì dé. N kò retí rẹ̀, n kò sì lé e. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, bí a bá sì kan ẹbí “bread”, mo máa ń pe ọ̀rọ̀ náà ní àyè rẹ̀, mo máa ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà mìíràn, ọmọ kan á nawọ́, á ní òun mọ òmíràn tí n kò tíì pè. Mo máa ń ní kó pè é, kí a gbọ́.