Ẹṣin tí Bàbá Mi Fi Ta Aláàánú Lọ́rẹ

Òórùn àdí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àdí àti koríko tútù àti ìtọ̀ ẹṣin. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó ni ilé ẹṣin bàbá mi wà, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín òun àti ilé ìdáná wa, débi pé àlejò tó bá fẹ́ jẹun lọ́dọ̀ wa á kọ́kọ́ wò yíká kó tó bu òkèlè. Àwa ò tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀ mọ́. Awọ ìjánu ni bàbá mi máa ń fi àdí pa láràárọ̀, kó tó bọ́jú ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi tọ́ wa ni pé ó ń fi ẹṣin fa ọkọ̀ òkú fún àwọn ìdílé Sàró àti Àgùdà, àwọn tó fẹ́ kí òkú wọn gba ìgboro kọjá pẹ̀lú iyì.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira, mọ́tò ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ta àwọn ẹṣin yòókù. Ọ̀kan ló kù, akọ dúdú kan tí à ń pè ní Dúdúyemí, tí irun ojú rẹ̀ ti ń funfun, tí orúnkún rẹ̀ sì ti wú. Ọkọ mi ti kú, mo ti padà sílé bàbá mi, èmi ni mò ń fún un ní koríko, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ẹṣin yẹn ò gbàgbé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún òkú, á gbé orí sókè, á wá máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú kan, ìrìn ìsìnkú tí bàbá mi kọ́ ọ. Bí mo bá fẹ́ dá a dúró, bàbá mi á ní, "Jẹ́ kó parí ẹ̀. Oníṣẹ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wo ilẹ̀ tí ilé ẹṣin wà lórí rẹ̀ tipẹ́. Oníṣòwò kan ní Adéníji Adélé fẹ́ rà á, kó fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ilẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ náà ni Dúdúyemí máa di ti alápatà. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé mo gbà pé èmi ni bàbá mi máa fi ilẹ̀ náà àti ẹṣin sílẹ̀ fún. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí o. Àmọ́ ta ló tún kù tó máa fún?

Bàbá mi kú. Mọ́tò ló gbé òun náà lọ sí itẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ní àwọn ò lè fi ẹṣin arúgbó dójú ti ara àwọn. Bí agogo ṣe ń dún, ìyàwó ilé wa kan sọ pé Dúdúyemí ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹkún tí mi ò tíì rí sun látàárọ̀, ìgbà náà ni mo sun ún.

Lẹ́yìn tí a ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú tán, lọ́yà kan wá láti Igbosere, a sì kóra jọ sí pálọ̀. Ó ń ka ìwé ìhágún lédè òyìnbó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá wa. Ilé jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Ilé ẹṣin, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ẹṣin fúnra rẹ̀, bàbá mi fi wọ́n ta ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó ń ṣàánú ẹranko lọ́rẹ, kí wọ́n lò wọ́n bó bá ṣe tọ́ lójú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Bàbá pín ogún fẹ́ṣin!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ egungun. Mo sin lọ́yà dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bàbá ò dárúkọ mi rárá ni?"

Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n dárúkọ yín, mádáàmù. Wọ́n ní táwọn bá fún yín, àwọn ẹ̀gbọ́n yín á gbà á. Wọ́n ní ta ló máa bá òyìnbó du ilẹ̀ l'Ékòó?"

Àṣé ó ro tèmi. Gbogbo ayé bàbá mi ló fi gbà pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ aláàánú ló ni ín, wọ́n á jẹ́ kí n máa bọ́ ọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí aṣojú ẹgbẹ́ náà máa wá, mo wẹ Dúdúyemí, mo fi àdí pa pátákò rẹ̀ títí ó fi ń dán, bí ẹni ń múra fọ́mọ tó ń lọ iléèwé. Òyìnbó náà wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, akọ̀wé dúdú kan sì tẹ̀ lé e. Kò le rárá. Ó fọwọ́ pa ẹṣin lọ́rùn, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó tẹ orúnkún rẹ̀, ẹṣin fà sẹ́yìn. Ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kọjú sí mi: "Wọ́n ní ó ti darúgbó jù, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Àánú tó kù táwọn lè ṣe fún un ni káwọn yìnbọn fún un."

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Mi ò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Mádáàmù, ẹṣin kì í ṣe tiyín. Bàbá yín ti fi í fún wa."

Bí wọ́n ṣe ń fà á jáde ni agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún òkú ẹni tí mi ò mọ̀. Dúdúyemí gbé orí sókè. Ìrìn ìsìnkú ló fi tẹ̀ lé wọn, tòun ti orúnkún wíwú yẹn, títí dé ẹ̀bá ọ̀sà. Mo gbọ́ ìbọn lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹgbẹ́ ta ilẹ̀, ìwé ìhágún sì gbà wọ́n láyè. Oníṣòwò Adéníji Adélé ló rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú oníṣòwò náà lọ bá ẹgbẹ́.

Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní parọ́ fún ọ. Kì í ṣe òyìnbó yẹn ni mò ń bínú sí jù. Ó lè jẹ́ pé orúnkún náà ń dun ẹṣin lóòótọ́. Bàbá mi ni. Ó fi mí pamọ́ sẹ́yìn àlejò, kò sọ fún mi, kò sì sọ fún àlejò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó korò tó báyìí. Nígbà tí mo darúgbó, tí àwọn ọmọ mi ní kí èmi náà lọ rí lọ́yà nítorí ìwé ìhágún tèmi, mo ní kí lọ́yà wá bá mi nílé. Mo pe gbogbo wọn sí pálọ̀, mo fi ẹnu ara mi dárúkọ ẹni tó ni nǹkan kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú nígbà tí mo ṣì lè dá a lóhùn.