Igi Lékeléke Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí n kò tíì ga tó ojú fèrèsé ìyá àgbà mi ní Ayédé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ lékeléke ni pé ó ń pín èékánná funfun. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ó lè má yé yín. Bí wọ́n bá ti ń fò bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́, a ó sáré jáde, a ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, a ó máa pariwo pé kí wọ́n fún wa ní funfun. Ẹni tó bá rí àmì bíńtín lórí èékánná rẹ̀ lẹ́yìn náà yóò máa yan kiri. Èmi kì í sábà rí i, mo sì máa ń rò pé bóyá àwọn ẹyẹ náà kò fẹ́ràn mi ni. Ọ̀rọ̀ kékeré tètè máa ń wọ̀ mí lára, títí di òní.

Igi àràbà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó dojú kọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá àgbà, ni wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ sí. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì, tí mo ń retí iṣẹ́ tí kò dé, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ ní àwọn yóò gé igi náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, torí ìgbẹ́ ẹyẹ ń ba òrùlé gbọ̀ngán tuntun jẹ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé ọmọ wà nínú ìtẹ́.

Alága ní, "Ṣé o gun ibẹ̀ ni? Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ wá kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. A ó dúró títí wọn yóò fi fò."

Mo yá kámẹ́rà. Ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, wọ́n ń na èékánná, wọ́n ń pariwo. Àwọn ẹyẹ tí kò sàba á fò gba iwájú kámẹ́rà kọjá, àwọn tó sàba á túbọ̀ lẹ̀ mọ́ ìtẹ́, wọ́n á bo ọmọ wọn mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!"

"Àǹtí, ẹ na tiyín náà, ó ti dúdú jù!"

Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀ títí di ọ̀sán. Bó ṣe dá, mo gbé kámẹ́rà sójú, èéfín ni mo rí! Ìyá àgbà ti wé gèlè ìsìn, ó ti gbá abẹ́ igi, ó sì ti dáná sun ewé tútù.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń bá ọ tún ibẹ̀ ṣe ni. Ṣé inú pàǹtí ni wọ́n ti ń ya fọ́tò? Wọn á ní ọ̀bùn ló wà nílé wa."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ń sọ ọ́ fún yín torí ó ṣì ń dùn mí. Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé mo ń jágbe mọ́ ẹni tó tọ́ mi. Ibẹ̀ ni èéfín lé àwọn tó sàba dìde, ni ọrùn kéékèèké bá yọ láti inú ìtẹ́, irun orí wọn dúró gan-an, wọ́n ń ké. Mo tẹ kámẹ́rà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo da omi paná, mo kúnlẹ̀.

"Ṣé o rí i yà?"

"Mo rí i yà, mà."

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo wà níbẹ̀?"

Kò sí níbẹ̀.

Alága wo fọ́tò náà pẹ́, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n dúró títí àwọn ọmọ ẹyẹ fi fò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gé igi náà. Mo bínú, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Wọn kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò ọdún yìí ti dé. Nígbà tiwa, ọ̀run là ń gbójú sí tí a bá fẹ́ funfun. Ní báyìí, àwọn ọmọdé ń wá sọ́dọ̀ mi kí n fi ọmọ lékeléke hàn wọ́n lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, lékeléke mélòó kan pòyì lórí òrùlé gbọ̀ngán, wọn kò rí ibi bà sí, wọ́n lọ. Ìyá àgbà dúró níta tòun ti gèlè rẹ̀, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ọ̀run tó ti ṣófo.

Mo ya fọ́tò rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.